Máàpù Tí Àlejò Lè Kà: Bí A Ṣe Ń Ya Ojú Ọ̀nà Ilẹ̀ Yewa

Nínú ìwé Jóṣúà, orí kejìdínlógún, a kà nípa ẹ̀yà méje nínú Ísírẹ́lì tí wọn kò tíì gba ilẹ̀ ìní wọn. Jóṣúà kò fi ẹnu lásán pín ilẹ̀ náà. Ó ní kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yan ọkùnrin mẹ́ta. Ó rán wọn lọ láti rin ilẹ̀ náà já, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé, láti ìlú dé ìlú, ní ìpín méje, kí wọ́n sì mú un padà wá bá òun ní Ṣílò. Ọkùnrin mọ́kànlélógún ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe jọ ti àwọn awọnlẹ̀ òde òní: wọ́n kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ mọ ilẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọwọ́ kọ ọ́.

Àpilẹ̀kọ wa yìí dá lórí apá kejì iṣẹ́ náà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bìkítà fún. Nígbà tí a bá ti wọn ilẹ̀ tán, báwo ni a ó ṣe gbé e sórí pépà tí àlejò tí kò débẹ̀ rí yóò fi lè kà á? Máàpù méjì lè péye bákan náà, kí ọ̀kan mú ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ń wá, kí èkejì sì dà á lọ́kàn rú ní oríta. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni bí ìlà ṣe fẹ̀ sí, àwọ̀ tí a lò, bí a ṣe kọ orúkọ, àmì tí a yàn, àti ohun tí a fi sílẹ̀ láìyà. Ní ọdún àjọ̀dún bí èyí, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń bọ̀ láti Èkó, láti Ìbàdàn àti láti òkè òkun sí ilé-ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti fi sílẹ̀ tipẹ́, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti kíláàsì Jọ́gíráfì nìkan.

Máàpù kì í ṣe fọ́tò

Fọ́tò tí a yà láti ojú ọ̀run kì í yan nǹkan. Òrùlé, igi, oko ẹ̀gẹ́, ipa ẹsẹ̀ àti títì ọlọ́dà, ọgbọọgba ni gbogbo wọn nínú rẹ̀. Máàpù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ yan. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹni tí ń ya máàpù kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ta ni yóò lò ó, kí sì ni onítọ̀hún fẹ́ fi ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ń bọ̀ láti Èkó sí Ìlaròó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó lè gba ọ̀nà Abẹ́òkúta, tí ìjọba àpapọ̀ pè ní A5, títí dé Pápáláńtò, kí ó tó yà sí apá ìwọ̀-oòrùn. Ó sì lè gba Ṣàngó-Ọ̀tà, kí ó kọjá Atan, kí ó dé Owódé lójú ọ̀nà Ìdírókò, kí ó tó yà sí apá àríwá. Ohun tí ó nílò kò pọ̀: ibi tí yóò ti yà, ọ̀nà tí ó tóbi ju èkejì lọ, àti orúkọ ìlú tí yóò rí tí yóò fi mọ̀ pé òun kò tíì ṣìnà. Bí a bá kó gbogbo odò kéékèèké àti gbogbo abà sórí máàpù náà, oríta Owódé yóò sọnù sáàárín wọn. Ẹni tí kò bá sì rí oríta Owódé yóò máa lọ tààrà, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá ara rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè ní Ìdírókò, láìsí ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ilẹ̀ ibòmíràn, ìṣìnà kì í ju kí ènìyàn pẹ́ dé lọ. Ní ilẹ̀ ẹnubodè, ó lè mú ènìyàn dé iwájú orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ìlà tí ó fẹ̀ ju òtítọ́ lọ

Lórí máàpù tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:250,000, sẹ̀ǹtímítà 1 dúró fún kìlómítà 2.5. Bí a bá fi ìlà tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 1 ya títì, ìlà náà ti gba mítà 250 lórí ilẹ̀. Kò sí títì kan ní gbogbo ilẹ̀ Yewa tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a ya títì tí ó fẹ̀ ní mítà 10 bí ó ti rí gan-an, ìlà rẹ̀ yóò jẹ́ mìlímítà 0.04, ojú kò sì ní lè rí i. Ìdí nìyí tí gbogbo máàpù ojú ọ̀nà fi ń ya títì ju bí ó ti tóbi lọ. Kì í ṣe irọ́, níwọ̀n ìgbà tí a bá fi ìwọ̀n kan náà bá gbogbo títì tí ó wà ní ipò kan náà lò.

Ipò ni kókó ọ̀rọ̀. Ojú ènìyàn máa ń ka ìlà tí ó nípọn sí àgbà, ó sì ń ka ìlà tínínrín sí àbúrò, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jacques Bertin, tí ó tẹ ìwé pàtàkì kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1967, ṣàlàyé pé ìtóbi lè sọ èwo ni àkọ́kọ́ àti èwo ni ìkejì. Oríṣi àwọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó sọ fún ojú pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi hàn pé ọ̀nà Ṣàngó-Ọ̀tà sí Ìdírókò ju ọ̀nà abúlé tí ó bọ́ sínú rẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ fi ìpọ́nra ìlà sọ ọ́ kí ó tó fi àwọ̀ kún un.

Ìyàtọ̀ náà sì gbọ́dọ̀ hàn kedere. Bí ìlà kan bá jẹ́ mìlímítà 0.8 tí èkejì sì jẹ́ 0.7, ẹni tí ó yà á nìkan ni yóò mọ̀. Ipò mẹ́ta tó, mẹ́rin ti pọ̀: títì ńlá, títì kejì, ọ̀nà abúlé, àti bóyá ipa ẹsẹ̀. A sì tún gbọ́dọ̀ ya ọ̀nà ọlọ́dà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà eléruku. Ìlà gígé ni àwọn ayamáàpù sábà ń lò fún ọ̀nà tí kò dúró déédéé, ojú sì gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí a gé jọ ohun tí kò dájú. Ẹni tí ó bá mọ bí ilẹ̀ wa ṣe ń rí ní oṣù kẹfà àti oṣù keje yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Ọkọ̀ tí ó gbé aboyún tí ń rọbí lálẹ́ òjò, tí máàpù sì fi ìlà gbọọrọ kan tàn án sójú ọ̀nà ẹrẹ̀, lè sùn síbẹ̀ mọ́jú.

Àwọ̀ àti ẹ̀rọ àdàkọ

Ilé iṣẹ́ Michelin ti ilẹ̀ Faransé, tí ń ṣe táyà, ti ń tẹ máàpù ojú ọ̀nà fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Lórí máàpù wọn, pupa ni títì ńlá, àwọ̀ ìyeyè ni títì kejì, funfun sì ni ọ̀nà kéékèèké. Àwọn tí ń wakọ̀ gba àárín aṣálẹ̀ wá sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà mọ máàpù wọn tí a fi òǹkà 741 dá mọ̀, èyí tí òṣùwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:4,000,000. Ẹ wo ọgbọ́n inú ètò àwọ̀ yìí. Pupa lágbára jù, ìyeyè tẹ̀lé e, funfun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí pépà. Agbára àwọ̀ ń dínkù bí ipò ọ̀nà ti ń dínkù. Àwọ̀ àti ìpọ́nra ìlà ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà.

Àmọ́ ó yẹ kí a ronú nípa irú ẹni tí yóò rí máàpù náà ní ọ̀dọ̀ tiwa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú máàpù tí ń dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti gba inú ẹ̀rọ àdàkọ kọjá, tí pupa àti àwọ̀ ewé sì ti di àwọ̀ eérú kan náà. Àwọn kan tún wà tí ojú wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín pupa àti àwọ̀ ewé láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Láàárín àwọn ará Yúróòpù, nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 12 ni ó rí bẹ́ẹ̀, irú wọn sì wà láàárín tiwa náà. Òfin tí ó bọ́gbọ́n mu ni pé kí a má ṣe fi àwọ̀ nìkan sọ ohunkóhun tí ó ṣe pàtàkì. Bí odò Yewa bá jẹ́ àwọ̀ aró, kí ìlà rẹ̀ tún máa lọ́ bí odò ti ń lọ́, kí a sì kọ orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé ìlọ́ náà. Bí ojú irin tí ó yà ní Ìfọ̀ lọ sí Ìdógò bá wà níbẹ̀, kí ó ní àwọn ìlà kúkúrú tí ó dábùú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fi ní ṣì í pè ní títì. Kí ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn gbogbo wọn sì jẹ́ àwọ̀ tí ó fúyẹ́ gan-an. Ẹni tí ó fi àwọ̀ ewé kíkan kun gbogbo ilẹ̀ nítorí pé igbó ni, ó ti fi igbó bo títì mọ́lẹ̀.

Orúkọ ìlú

Orúkọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà jù lórí máàpù, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù. Eduard Imhof, àgbà ayamáàpù ilẹ̀ Switzerland, fi ọ̀pọ̀ ọdún ronú sí ibi tí ó yẹ kí orúkọ wà. Ó ní ibi tí ó dára jù ni apá ọ̀tún àmì ìlú náà, kí ó ga díẹ̀ sókè, nítorí láti òsì sí ọ̀tún ni a ń kàwé. Bí ibẹ̀ kò bá ṣófo, a lè wá ibòmíràn, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sí iyèméjì nípa àmì tí orúkọ náà jẹ́ ti ẹni. Orúkọ kò gbọdọ̀ sùn lórí títì, títì kò sì gbọdọ̀ gé orúkọ sí méjì.

Ìtóbi lẹ́tà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ìlaròó, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Yewa, àti Ayétòrò, olú ìlú ti Àríwá Yewa, yẹ kí wọ́n ní lẹ́tà tí ó tóbi ju ti abúlé lọ. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kọ gbogbo orúkọ ní lẹ́tà ńlá. Nígbà tí Jock Kinneir àti Margaret Calvert ń tún àwọn pátákó ojú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1965, lẹ́tà ńlá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orúkọ ìlú, lẹ́tà kékeré ni wọ́n sì fi parí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a kọ báyìí ní ìrísí: àwọn lẹ́tà kan ga, àwọn kan rẹlẹ̀, ojú awakọ̀ sì lè dá orúkọ mọ̀ láti òkèèrè kí ó tó ka lẹ́tà rẹ̀ tán. Orúkọ tí ó jẹ́ kìkì lẹ́tà ńlá rí gbọọrọ bí búrẹ́dì.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìṣòro mìíràn tún wà: orúkọ kan, ìlú púpọ̀. Ayétòrò wà ní Yewa. Ayétòrò Gbẹdẹ wà ní ìpínlẹ̀ Kogí. Ayétòrò mìíràn wà létí òkun ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, èyí tí àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ̀dó ní ọdún 1947. Owódé wà lọ́dọ̀ wa, Owódé sì wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, nínú ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà. Ìlárá wà lẹ́bàá ẹnubodè, Ìlárá-Mọ̀kín sì wà ní Oǹdó. Máàpù tí ó bá fẹ́ ran àlejò lọ́wọ́ yóò fi ọ̀rọ̀ kan kún orúkọ bẹ́ẹ̀. Ìlú mìíràn sì ní orúkọ méjì: ìlú tí a ń pè ní Àjàṣẹ́ ni pátákó ojú ọ̀nà ń pè ní Porto-Novo, Kétu ni Kétou lójú ìwé àwọn Faransé, Ìmẹ̀kọ ni a kọ sílẹ̀ bíi Meko lórí máàpù ayé ìjọba amúnisìn. Àwa fúnra wa ń jẹ́ Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995 tí a gba orúkọ Yewa. Kí a kọ orúkọ tí àwọn ará ìlú ń pè é ní lẹ́tà tí ó tóbi, kí a sì kọ èyí tí ó wà lórí pátákó sí abẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà tí ó kéré. Èkíní ni yóò fi béèrè ọ̀nà, èkejì ni yóò fi ka pátákó.

Ìlà tí kì í ṣe ọ̀nà

Ìlà kan wà lórí máàpù wa tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ọkọ̀ gbà: ààlà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Paris, tí wọ́n fi pín ilẹ̀ yìí. Àwọn ènìyàn Jóṣúà rìn kí wọ́n tó kọ̀wé; àwọn ti Paris kọ̀wé kí ẹnikẹ́ni tó wá rin ààlà náà. Èyí ni ó mú kí Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n jẹ́ ìlú nínú ìjọba Kétu, sì bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ti kọ ìtàn ìpín yìí sínú ìwé tí gbogbo ayé mọ̀.

Ọ̀nà tí a gbà ya ààlà ń kọ́ ọmọdé ní ẹ̀kọ́ kan. Máàpù Nàìjíríà púpọ̀ máa ń fi apá Benin sílẹ̀ ní funfun gbáú, bí ẹni pé ayé parí sí Ìdírókò. Ọmọ tí ìyá ìyá rẹ̀ ń gbé ní Kétu rí i lórí ògiri kíláàsì pé kò sí ìyá ìyá òun. Ohun tí ó tọ́ ni kí títì máa bá a lọ dé òdì kejì, kí Kétu, Àjàṣẹ́ àti Kútọnu hàn, kódà bí àwọ̀ wọn bá ṣe wúyẹ́wúyẹ́ ju tiwa lọ. Kí ìlà ààlà fúnra rẹ̀ jẹ́ gígé tí ó ní tóótòòtó láàárín, tí kò jọ títì rárá, kí àmì ẹnubodè sì wà níbi tí títì ti kọjá rẹ̀ gan-an.

Ààlà kì í sì í ṣe ìlà lásán fún àwọn tí ń gbé ẹ̀bá rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè ilẹ̀. Kò ṣí ti Ìdírókò padà títí di oṣù kẹrin ọdún 2022. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àṣẹ mìíràn jáde pé kí a má ṣe gbé epo ọkọ̀ lọ sí ilé epo tí ó wà láàárín kìlómítà 20 sí ààlà. Fún awakọ̀ tí epo rẹ̀ ń tán lọ ní ìgbà yẹn, máàpù tí ó fi àmì ilé epo hàn láìfi ibi tí àṣẹ náà dé hàn kò sàn ju pépà òfìfo lọ. Lórí òṣùwọ̀n 1:250,000, kìlómítà 20 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8. Àwọ̀ fífúyẹ́ kan tí ó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà, tí títì àti orúkọ ṣì hàn nínú rẹ̀, ìbá ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà láìlo gbólóhùn kan.

Ohun tí a lè yọ, àti èyí tí a kò gbọdọ̀ yọ

Ní ọdún 1931, ayàwòrán iná mànàmáná kan tí ń jẹ́ Harry Beck ya máàpù ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù lọ́nà tuntun. Ó sọ gbogbo ìlọ́ di ìlà tí ó tọ́, ó sì fi àyè tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba sáàárín àwọn ibùdókọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1933, àwọn èrò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kí a ṣọ́ra kí a tó fara wé e. Èrò ọkọ̀ ojú irin kì í di ìdarí ọkọ̀ mú. Iye ibùdókọ̀ nìkan ni ó ń kà. Awakọ̀ ń rí kọ́nà, ó sì ń ka kìlómítà.

Àwòrán ọ̀nà tí a máa ń fi sẹ́yìn káàdì ìpè, bí irú èyí tí a lè fi ránṣẹ́ sí àwọn àlejò àjọ̀dún, sún mọ́ iṣẹ́ John Ogilby jù. Ní ọdún 1675, ó tẹ ìwé máàpù ojú ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, ojú ìwé máàpù 100 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì dúró gbọọrọ bí ọ̀já aṣọ. Ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nìkan ni ó yà: afárá, òkè, ìjọ, ibi tí ọ̀nà ti yà. Ó sì fi àmì àríwá sí ọ̀já kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìdojúkọ wọn kò dọ́gba. Àmì àríwá àti òṣùwọ̀n ni ohun méjì tí a kò gbọdọ̀ yọ kúrò láé. Ibi tí a ń lọ gan-an ni a sì lè ya tóbi ju ìyókù lọ. Àwọn tí ó fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe máàpù Ilẹ̀ Mímọ́ sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Mádábà, ní Jọ́dánì, ní ọ̀rúndún kẹfà, ya Jerúsálẹ́mù tóbi ju bí ó ti yẹ lọ, títí tí àwọn ẹnubodè àti òpópónà rẹ̀ fi hàn. Wọ́n mọ ibi tí ọkàn arìnrìn-àjò wà.

Bí a ṣe ń dán an wò

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ó ya máàpù, ẹ má ṣe fi ojú ara yín nìkan yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ẹ ti mọ ọ̀nà náà tẹ́lẹ̀. Ẹ na ọwọ́ yín gbọọrọ, kí ẹ di ojú yín díẹ̀: títì ńlá ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ hàn, ìlú ńlá kí ó tẹ̀lé e. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Bí ohunkóhun bá sọnù, àwọ̀ nìkan ni ẹ gbójú lé. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kéré bí ojú fóònù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ yóò ti kà á. Ní paríparí rẹ̀, ẹ fún ẹni tí kò dé ìlú yìí rí, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: níbo ni ìwọ yóò ti yà, èwo ni ọ̀nà tí òjò kì í bàjẹ́, níbo ni ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ọ jù? Bí ó bá ń wá ìdáhùn kiri inú àlàyé àmì fún ìgbà pípẹ́, máàpù ni kí ẹ tún yà, kì í ṣe òun ni kí ẹ bá wí.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí iṣẹ́ yín kọjá ògiri kíláàsì, OpenStreetMap wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2004, ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé ni ó lè fi ọ̀nà abúlé rẹ̀ kún un. Ẹni tí ó mọ Ìlaròó, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ ní ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ wọ́n, kì í ṣe ẹni tí ó jókòó sí Paris.

A máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa pé ẹlẹ́rìí òtítọ́ ń gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ń ya máàpù ń jẹ́rìí fún àwọn tí kò ní bá a pàdé láé, lóru àti lójò. Kí Olúwa tí ó ti tọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa sọ́nà títí di àjọ̀dún yìí máa tọ́ àwọn tí ń bọ̀ wá síbẹ̀, kí ó sì fún ọwọ́ àwọn ọmọ wa ní òye láti ya ọ̀nà tí ẹlòmíràn yóò lè rìn.